Gbèsè Ni, Kì Í Ṣe Àánú: Ọ̀rọ̀ Àwọn Òṣèré ‘Village Headmaster’

Nílẹ̀ wa yìí, ọ̀nà mẹ́ta péré ni òṣèré àtijọ́ fi ń padà wọ inú ìròyìn. Bí ó bá kú, a ó gbọ́. Bí àwọn aláhesọ bá pariwo pé ó kú nígbà tí kò kú, a ó gbọ́. Bí àìsàn bá dá a gúnlẹ̀, tí ẹnìkan sì gbé fídíò rẹ̀ jáde níbi tí ó jókòó sí lórí àga onírọ́bà, tí nọ́ńbà àkáǹtì báńkì wà nísàlẹ̀ àwòrán, a ó gbọ́ pẹ̀lú. Lẹ́yìn èyí ni gbogbo wa yóò máa mí kanlẹ̀. Olówó kan yóò fi mílíọ̀nù díẹ̀ ránṣẹ́, olóṣèlú kan yóò ya fọ́tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn aláìsàn, ọ̀rọ̀ yóò sì rọlẹ̀ títí yóò fi kan ẹlòmíràn.

Àṣà yìí ni mo fẹ́ bá wí lónìí. Kì í ṣe pé mo lòdì sí ẹni tí ó bá fi owó ran arúgbó lọ́wọ́. Ọlọ́run yóò san án fún un. Ohun tí mo lòdì sí ni irọ́ tí ó wà nídìí rẹ̀, irọ́ tí ó ní àwọn ènìyàn wọ̀nyí jẹ́ tálákà tí a ń ṣàánú. Wọn kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ayánilówó ni wọ́n. Àwa ni a jẹ wọ́n ní gbèsè, ẹni tí a sì jẹ ní gbèsè kì í ṣe ẹni tí à ń ta lọ́rẹ.

Ẹ jẹ́ kí a fi eré kan ṣe àpẹẹrẹ, èyí tí ẹni tí ó ti lé ní ogójì ọdún yóò ṣòro kí ó sọ pé òun kò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí: The Village Headmaster. Ọdún 1968 ni ó bẹ̀rẹ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n NBC ní Èkó, nígbà tí ogun abẹ́lé ṣì ń jà. Ilé-iṣẹ́ náà yí orúkọ padà, ó di NTA, eré náà sì ń bá a lọ títí di ọdún 1988. Ogún ọdún gbáko. Ṣẹ́gun Olúṣọlá ni ó dá a sílẹ̀, ọkùnrin tí ó ti wà nídìí iṣẹ́ amóhùnmáwòrán láti ìgbà WNTV Ìbàdàn, òun kan náà tí ó darí My Father’s Burden, eré Wọlé Ṣóyínká tí wọ́n gbé sórí afẹ́fẹ́ ní ọdún 1960.

Ìlú àròsọ kan tí ń jẹ́ Ọjà ni ìtàn náà ti wáyé. Ọlọ́jà wà níbẹ̀ pẹ̀lú àwọn ìjòyè rẹ̀. Ọ̀gá ilé-ìwé wà níbẹ̀, tí ó fẹ́ fi ìmọ̀ tuntun tún ìlú ṣe, tí àṣà àtijọ́ sì ń fà á sẹ́yìn. Tíṣà Gàrúbà wà níbẹ̀, Joe Láyọ̀dé ni ó ṣe é. Bassey Okon wà níbẹ̀, Jab Adú ni ó ṣe ìyẹn. Sìsí Clara wà níbẹ̀, Elsie Olúṣọlá sì ni. Ẹ̀yà oríṣiríṣi ni wọ́n kó sínú abúlé Yorùbá kan, wọ́n ń bú ara wọn, wọ́n ń bá ara wọn jẹun, ní àkókò tí àwọn ọmọ orílẹ̀-èdè yìí ń yìnbọn lu ara wọn lójú ogun. Àwa tí a wà ní etíkun Àgbádárìgì kò fi bẹ́ẹ̀ ka irú ìlú bẹ́ẹ̀ sí àròsọ. Ògù tí Yorùbá ń pè ní Ẹ̀gùn ni onílé, Àwórì ni alábàágbé, apẹja Kẹ́ta ń bẹ ní etí òkun, oníṣòwò Àjàṣẹ́ ń wọlé ń jáde. Nígbà tí mo wà ní kékeré, ẹnìkan gbọ́dọ̀ dúró lẹ́yìn ilé kí ó máa yí òpó eríàlì, nítorí bí ó bá fi díẹ̀ yà, Faransé láti Kútọnu ni a ó máa gbọ́ dípò Olóyè Ẹlẹ́yinmi. Ìjà tí a jà lórí ta ni yóò yí eríàlì kò kéré.

Nínú eré yẹn ni a ti rí Àmẹ̀bọ́. Ẹ dúró díẹ̀ níbẹ̀. Lónìí, láti Àgbádárìgì dé Kánò, ẹni tí ó bá ń gbé ọ̀rọ̀ kiri, àmẹ̀bọ́ ni à ń pè é. Ọmọ ọdún mẹ́wàá tí kò tíì bí nígbà tí eré náà kásẹ̀ nílẹ̀ ń fi ọ̀rọ̀ yẹn bú ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilé-ìwé. Obìnrin kan, Ìbídùn Allison, ni ó gbé ẹ̀dá ìtàn yẹn wọ̀ bí aṣọ títí orúkọ náà fi di ọ̀rọ̀ inú èdè wa. Ènìyàn mélòó ni ó fi ọ̀rọ̀ kún èdè odidi orílẹ̀-èdè kí ó tó kú? Ẹ sọ fún mi, kí ni ìdíyelé irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀?

Ó yá, ẹ jẹ́ kí a wo ibi tí ayé gbé àwọn òṣèré náà dé.

Ọ̀gá ilé-ìwé mẹ́ta ni eré náà ní: Ted Mukoro ni àkọ́kọ́, Fẹ́mi Robinson tẹ̀lé e, Justus Esiri sì ni ó kẹ́yìn wọn. Fẹ́mi Robinson kú ní ọdún 2015. Justus Esiri, tí ó ti lọ kẹ́kọ̀ọ́ ní Jámánì, ṣe Obierika nínú Things Fall Apart tí NTA gbé jáde ní 1987, ó wọ inú fíìmù Nollywood, ó ṣe bàbá ọlọ́lá àti bàbá àgbà nínú fíìmù tí a kò lè kà tán, títí ó fi kú ní oṣù kejì ọdún 2013. Ọmọ rẹ̀ ni olórin tí àwọn ọ̀dọ́ mọ̀ sí Dr Sid. Jab Adú ti gbé fíìmù tirẹ̀, Bisi, Daughter of the River, jáde láti ọdún 1977; ó kú ní 2016.

Ti Olóyè Ẹlẹ́yinmi ni ó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín jù. Fúnṣọ́ Adéolú ni orúkọ òṣèré náà. Lórí tẹlifíṣọ̀n, ìjòyè ni, ó ń forí balẹ̀ fún Ọlọ́jà. Nígbà tí eré parí, ìlú rẹ̀ pè é, ó sì gorí oyè gẹ́gẹ́ bí Aláyé ti Òde Rẹ́mọ, adé gidi, ààfin gidi, àwọn ìjòyè tí kì í ṣe òṣèré. Orí ìtẹ́ ni ó wà títí ó fi wàjà ní ọdún 2008. Ní ti Déjùmọ̀ Lewis tí ó ṣe Ọlọ́jà, tí ó fi adé orí ìtàgé jọba lórí wa fún ọ̀pọ̀ ọdún, òun ni NTA tún lọ pè nígbà tí wọ́n jí eré náà dìde ní ọdún 2021. Ṣẹ́gun Olúṣọlá fúnra rẹ̀ di aṣojú Nàìjíríà sí orílẹ̀-èdè Ethiopia; nígbà tí ó dé, ó dá àjọ African Refugees Foundation sílẹ̀ nítorí àwọn tí ogun lé kúrò nílé. Ó kú ní oṣù kẹfà ọdún 2012.

Ẹni tí ó bá ka èyí tán lè sọ pé, “Ṣé ẹ rí i? Ìgbẹ̀yìn wọn kò burú.” Ohun tí àwọn aláṣẹ fẹ́ kí a sọ gan-an nìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹ tún un kà, kí ẹ sì béèrè ohun tí ó bọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan. Adé ìran ló gbé Fúnṣọ́ Adéolú ró. Iṣẹ́ ìjọba ló gbé Olúṣọlá dé Addis Ababa. Fíìmù Nollywood ló mú Esiri wà lẹ́nu àwọn ọ̀dọ́. Jab Adú fi owó àti ọgbọ́n ara rẹ̀ wá ọ̀nà mìíràn. Nínú gbogbo wọn, ẹ fi ẹnìkan hàn mí tí ẹ lè sọ pé eré náà, tí ó kó orílẹ̀-èdè jọ síwájú tẹlifíṣọ̀n fún ogún ọdún, ni ó ń bọ́ ọ ní ọjọ́ ogbó. Ẹni tí kò bá ní adé ní ìlú bàbá rẹ̀ ńkọ́? Òṣèré tí kò gba ipò ọ̀gá ilé-ìwé, tí ó kàn jẹ́ ará abúlé tí a ń rí lẹ́yìn àgbẹ̀ ẹmu ní ọ̀sẹ̀ kan sí ìkejì, ta ni ó ránti orúkọ rẹ̀?

Ọ̀rọ̀ yìí kò mọ sí Village Headmaster. Ẹ wo The New Masquerade, eré àwàdà tí ó ti ìlà-oòrùn wá tí ó gba gbogbo ilé. James Iroha tí ó dá a sílẹ̀, tí òun fúnra rẹ̀ ṣe Giringory, ti pàdánù ìríran rẹ̀ kí ó tó kú ní ọdún 2012. Lizzy Evoeme tí ó ṣe Ovuleria, ìyàwó Zebrudaya, kú ní oṣù kìíní ọdún 2024. Claude Eke, ọmọ Igbo, ni ó ṣe Jẹ́gẹ́dẹ́ Ṣókọ̀yà, tí àwa Yorùbá rí ara wa nínú rẹ̀ tí a rẹ́rìn-ín, a kò bínú. Christy Essien-Igbokwe tí ó ṣe Akpenor nínú eré kan náà jẹ́ gbajúmọ̀ olórin. Ẹ̀yin tí ẹ mọ “Ṣeun Rere” mọ̀ ọ́n. Òun náà kú ní ọdún 2011. Orin ni ó fún Christy ní orúkọ àti ọlá, eré kọ́. Ọ̀nà kan náà ni.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé ẹni tí ó ni eré fúnra rẹ̀ bọ́. Mósè Ọláìyá, Bàbá Sàlá wa, tí ó kọ́ gbogbo ilẹ̀ Yorùbá bí a ti ń rẹ́rìn-ín, kó ohun tí ó ní àti ohun tí kò ní lé Ọ̀run Móoru ní ọdún 1982. Àwọn olè da fíìmù náà kọ sórí kásẹ́ẹ̀tì, wọ́n tà á káàkiri ìlú kí onífíìmù tó rí ìdá kan nínú owó rẹ̀. Gbèsè yẹn lé e fún ọdún púpọ̀. Nígbà tí ó kú ní Iléṣà ní oṣù kẹwàá ọdún 2018, àwọn gómìnà kọ ìwé ìbánikẹ́dùn tí ó wọni lára. Mo ti ṣiṣẹ́ ìwé ìròyìn rí. Mo mọ bí wọ́n ti ń kọ irú ìwé bẹ́ẹ̀. Orúkọ olóògbé nìkan ni wọ́n ń pààrọ̀.

Àwọn kan yóò dá mi lóhùn pé àwọn òṣèré náà ni wọn kò mọ owó ná. Wọ́n ní wọ́n jẹ ayé, wọ́n kó obìnrin jọ, wọ́n mu ọtí, wọn kò kọ́lé. Mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí ní ẹnu àwọn ènìyàn tí ó yẹ kí ó mọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Owó wo ni wọ́n ní wọ́n ná? Owó iṣẹ́ ojúmọ́ ni òṣèré tẹlifíṣọ̀n ń gbà nígbà náà: o wá, o ṣe eré, o fọwọ́ sí ìwé, o gba tìrẹ, ó tán. Bí wọ́n bá tún eré náà fi hàn ní ìgbà mẹ́wàá, ìgbà mẹ́wàá náà kò kàn ọ́. Ọ̀pọ̀ wọn ní iṣẹ́ mìíràn tí wọ́n ń ṣe ní ọ̀sán nítorí pé iṣẹ́ eré nìkan kò lè bọ́ wọn. Ẹni tí a kò fún ní owó tí ó tó ná ni a ń bú pé ó ná an ní ìnákúnàá.

Àtakò kejì ní ọgbọ́n nínú ju ti àkọ́kọ́ lọ, nítorí náà ó yẹ kí a dá a lóhùn dáadáa. Wọ́n ní bíríkìlà tí ó kọ́ ilé kì í padà wá gba owó lọ́wọ́ ayálégbé lọ́dọọdún. Ó kọ́ ọ, ó gba owó, ó lọ. Kí ló dé tí òṣèré yóò fi yàtọ̀?

Ìyàtọ̀ rẹ̀ nìyí. Ilé tí bíríkìlà kọ́, ọ̀kan ni. Bí onílé bá fẹ́ ilé kejì, ó di dandan kí ó tún pe bíríkìlà. Ṣùgbọ́n eré tí a ti gbà sílẹ̀ ń ṣiṣẹ́ nígbà tí òṣèré ń sùn. Ojú rẹ̀, ohùn rẹ̀, ẹ̀rín rẹ̀ ni wọ́n ń tà, wọ́n sì ń tà á léraléra fún olùpolówó ọjà láìpe ẹni tí ó ni ojú. Jù bẹ́ẹ̀ lọ, eré àtijọ́ tí a ń tún fi hàn ń gba àyè tí ìbá jẹ́ ti eré tuntun. Èyí já sí pé iṣẹ́ òṣèré ní àná ni wọ́n fi ń gba iṣẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́ lónìí. Bíríkìlà wo ni irú èyí ń ṣẹlẹ̀ sí?

Kì í sì í ṣe èmi nìkan ni mo rí i bẹ́ẹ̀. Òfin ilẹ̀ wa gan-an rí i, àmọ́ ó pẹ́. Òfin kọ́píráìtì ti ọdún 1970 dáàbò bo ẹni tí ó kọ ìwé, ẹni tí ó ṣe fíìmù àti ilé-iṣẹ́ tí ó gbé e sórí afẹ́fẹ́. Kò fún òṣèré ní ẹ̀tọ́ kankan lórí eré tí ó ṣe. Abẹ́ òfin yẹn ni wọ́n ti ṣe Village Headmaster láti ìgbà náà títí di òpin. Nígbà tí ìjọba ológun gbé òfin kẹtàdínláàádọ́ta ọdún 1988 jáde, tí ó fún òṣèré ní ẹ̀tọ́ lórí eré ara rẹ̀ fún àádọ́ta ọdún, oṣù Kejìlá ni ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ọdún tí eré náà kásẹ̀ nílẹ̀ gan-an ni òfin tí ìbá dáàbò bo àwọn òṣèré rẹ̀ wọlé. Bí ẹnìkan bá kọ irú èyí sínú ìwé ìtàn àròsọ, a ó ní àpọ́njù ni.

Láti ìgbà náà, a ti ní òfin tuntun, Copyright Act ti ọdún 2022 tí ààrẹ fọwọ́ sí ní 2023. A ní àjọ tí ń gba owó ẹ̀tọ́ fún àwọn oníṣẹ́ fíìmù àti tẹlifíṣọ̀n, AVRS, tí ìjọba fún ní ìwé àṣẹ ní ọdún 2014. Lórí ìwé, a kò kéré sí ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀tọ́ tí ẹni tí ó ni ín kò mọ̀, tí ẹni tí yóò san án kò bẹ̀rù, ewé gbígbẹ ni.

Wọ́n máa ń sọ pé òyìnbó ni ó lè ṣe irú rẹ̀, pé owó pọ̀ lọ́wọ́ wọn. Irọ́ ni èyí náà. Ìjà ni òyìnbó fi gba tirẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, ọdún 1960 ni ẹgbẹ́ òṣèré Hollywood daṣẹ́ sílẹ̀, Ronald Reagan, ẹni tí ó di ààrẹ orílẹ̀-èdè náà lẹ́yìn ọ̀la, ni ó ṣe olórí wọn. Ibẹ̀ ni wọ́n ti gba owó ìfẹ̀yìntì àti owó ìwòsàn. Síbẹ̀, ẹ̀tọ́ lórí àtúnfihàn eré tẹlifíṣọ̀n kò pé. Àwọn òṣèré Gilligan’s Island, eré àwàdà tí wọ́n ṣe láti 1964 sí 1967 tí gbogbo ayé ń wò títí di òní, gba owó lórí àtúnfihàn ìwọ̀nba díẹ̀, ó sì dáwọ́ dúró. Ọdún 1974 ni àdéhùn tuntun tó sọ pé níwọ̀n ìgbà tí eré bá ń hàn, òṣèré yóò máa gbà. Dawn Wells tí ó ṣe Mary Ann nínú eré náà ti tẹ̀ síwájú kí ó tó di ìgbà yẹn. Ní ọdún 2018, nígbà tí ó kù díẹ̀ kí ó pé ọgọ́rin ọdún, ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ní láti ṣí ìkówójọ fún un lórí íntánẹ́ẹ̀tì, gẹ́gẹ́ bí a ti ń ṣe níhìn-ín gan-an. Ó kú ní òpin ọdún 2020. Ẹ wò ó dáadáa: orílẹ̀-èdè kan náà, iṣẹ́ kan náà, ẹni tí ó bọ́ sí apá kejì ọdún 1974 ń gba owó dé ojú ikú, ẹni tí ó bọ́ sí apá ìhín ń tọrọ. Ìwé àdéhùn ló pín wọn níyà. Àwọn ọmọ wọn kò sì sinmi. Ní 2023, ọjọ́ 118 ni wọ́n fi daṣẹ́ sílẹ̀ nítorí owó tí àwọn ilé-iṣẹ́ fídíò orí íntánẹ́ẹ̀tì kò fẹ́ san.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọdún 1968 kan náà tí Village Headmaster bẹ̀rẹ̀ ni BBC bẹ̀rẹ̀ Dad’s Army. BBC náà hùwà òmùgọ̀: wọ́n pa lára tẹ́ẹ̀pù eré náà rẹ́ kí wọ́n lè tún un lò, mẹ́ta nínú rẹ̀ sì sọnù títí di òní. Ṣùgbọ́n nígbà tí ojú tì wọ́n, wọ́n jáde sí gbangba, wọ́n bẹ ará ìlú kí wọ́n wo àjà ilé wọn bóyá ẹnìkan ní ẹ̀dà kan. Ní ọdún 2001, wọ́n rí méjì gbà padà. Iye tí ó sọnù, wọ́n mọ̀ ọ́n. Èyí tí ó kù, wọ́n ń fi í hàn, wọ́n sì ń sanwó lé e lórí.

Àwa ńkọ́? Ta ni ó lè sọ fún wa iye Village Headmaster tí ó kù ní ilé ìpamọ́ NTA? Àwọn tí ó ti ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ti sọ ọ́ ní gbangba láìmọye ìgbà pé tẹ́ẹ̀pù wọ́n, wọ́n sì máa ń gba eré tuntun sórí ti àtijọ́. Ogún ọdún eré, ẹni tí ó bá wá a lórí YouTube yóò rí ìwọ̀nba tí ó lè wò tán ní ọ̀sán kan.

Níbi tí mo ti ń kọ èyí, ní Marina Àgbádárìgì, ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, èyí tí àwọn òjíṣẹ́ Ọlọ́run CMS kọ́ ní ọdún 1845, ṣì wà lórí ìdúró. Ní ilé ìdílé Mobee, ẹ̀wọ̀n irin tí wọ́n fi de ẹrú wà níbẹ̀, kódà ẹ ó fọwọ́ kàn án. Igi Agíyà tí wọ́n ti wàásù Kírísítì lábẹ́ rẹ̀ ní 1842 wó ní ọdún 1959, síbẹ̀ a fi àmì sí ojú ibi tí ó wà. Àlejò ń ti Amẹ́ríkà àti Brazil wá wo nǹkan wọ̀nyí, wọ́n ń fara da ọ̀nà Èkó sí Àgbádárìgì (ẹni tí ó bá gba ọ̀nà yẹn rí mọ̀ pé ìfaradà kì í ṣe kékeré), wọ́n ń sọkún ní ibi ọjà ẹrú Vlekete, wọ́n ń padà lọ. Àwọn ìdílé tí kò ní ìtìlẹ́yìn ìjọba àpapọ̀ ni ó tọ́jú ohun ìtìjú wọ̀nyí fún ọ̀rúndún méjì kí ọmọ aráyé má baà gbàgbé. Ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n tí ó tóbi jù ní ilẹ̀ adúláwọ̀, pẹ̀lú gbogbo owó ìṣúná rẹ̀, kò lè tọ́jú ohun ìdùnnú wa fún ogún ọdún. Ẹ̀wọ̀n kù, ẹ̀rín sọnù.

Tẹ́ẹ̀pù tí ó sọnù yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ àṣà nìkan, ọ̀rọ̀ owó ni. Tẹ́ẹ̀pù ni ẹ̀rí iṣẹ́. Òṣèré tí ó fẹ́ béèrè ẹ̀tọ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ lè fi hàn pé òun ṣe eré náà, ọjọ́ báyìí, ìgbà báyìí. Bí ẹ̀rí bá sọnù, gbèsè di ìtàn. Ó sì dùn mọ́ ajigbèsè nínú bí ìwé gbèsè bá jóná.

Nígbà tí NTA jí Village Headmaster dìde ní 2021, ayọ̀ ni fún ọ̀pọ̀ ènìyàn, èmi náà wà nínú wọn. Ṣùgbọ́n mo fetí sílẹ̀ dáadáa sí gbogbo ohun tí wọ́n sọ nígbà ìfilọ́lẹ̀ náà nínú ìròyìn. Orúkọ eré náà ni ọjà tí wọ́n ń tà. Kò sí ẹni tí yóò ti sanwó gbọ́ eré tuntun nípa abúlé kan bí kì í bá ṣe pé Ẹlẹ́yinmi, Àmẹ̀bọ́ àti Tíṣà Gàrúbà ti fi ogún ọdún sọ orúkọ náà di wúrà. Ìdá wo nínú wúrà yẹn ni ó tọ́ sí àwọn tí ó wà láàyè nínú wọn, àti ọmọ àwọn tí ó ti kú? Nínú gbogbo ìròyìn tí mo kà, ìbéèrè yẹn kò jáde lẹ́nu akọ̀ròyìn kan. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi àtijọ́ béèrè nípa aṣọ tí òṣèré wọ̀.

Ohun tí ó yẹ kí ó ṣẹlẹ̀ kò le. Kí NTA tẹ àkójọ ohun tí ó wà ní ìpamọ́ rẹ̀ jáde, eré kan tẹ̀lé èkejì, kí a mọ èyí tí ó kù àti èyí tí ó ti jóná. Kí wọ́n bẹ ará ìlú bí BBC ti ṣe. Ó ṣeé ṣe kí ẹnìkan ní Surulere tàbí ní Àjàṣẹ́ ní kásẹ́ẹ̀tì VHS lábẹ́ ibùsùn. Kí wọ́n ya ìdá kan sọ́tọ̀ nínú owó ìpolówó ọjà tí ó bá wọlé lórí eré àtijọ́ àti lórí èyíkéyìí tí ó bá lo orúkọ rẹ̀, kí AVRS sì pín in fún àwọn tí ó tọ́ sí. Òfin 1970 kò fi dandan mú wọn láti san án fún ẹni àtijọ́, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n òfin kò dè wọ́n lọ́wọ́ pé kí wọ́n má san án. Ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó kọ́ gbọ̀ngàn eré ìtàgé tuntun sí Ìgàndò, Ẹ̀pẹ́, Orégùn àti Àgbádárìgì. Gbọ̀ngàn ti Àgbádárìgì kò jìnnà sí mi. Ọ̀pọ̀ ọjọ́ ni ilẹ̀kùn rẹ̀ wà ní títì. Bí wọ́n bá ń fi eré àtijọ́ hàn níbẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan, tí owó ìwọlé ń lọ sí àpò àwọn òṣèré náà, ta ni yóò pàdánù?

Ẹgbẹ́ òṣèré náà ní ẹjọ́ láti jẹ́. TAMPAN àti Actors Guild lágbára nígbà tí wọ́n bá fẹ́ fòfin de òṣèré kan nítorí èébú orí íntánẹ́ẹ̀tì. N kò tíì rí i kí agbára yẹn gbé ìwé àdéhùn kan ṣoṣo kalẹ̀ tí gbogbo olóòtú gbọ́dọ̀ lò. Bí ẹgbẹ́ bá sọ pé ọmọ ẹgbẹ́ kankan kò ní fọwọ́ sí ìwé tí kò mẹ́nu ba owó àtúnfihàn, olóòtú wo ni yóò fi ara rẹ̀ ṣe gbogbo òṣèré? Ikú òṣèré ni ẹgbẹ́ mọ̀ ọ́n ṣe, pẹ̀lú aṣọ ẹbí.

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń fi fóònù ṣe àwàdà ní Ajárá àti ní Topo, tí ẹ ń ya fídíò ní etí òkun ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú, ẹ̀yin ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀ gbẹ̀yìn. Mo ti rí irú ìwé tí wọ́n ń gbé wá fún yín. Èdè Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ gùn, owó tí wọ́n nà sí yín lójú ẹsẹ̀ sì dùn ún wò. Ẹ wá ibi tí wọ́n kọ “in perpetuity” sí nínú rẹ̀. Títí ayé ni ó túmọ̀ sí. Ẹ wá ibi tí wọ́n ti sọ ẹni tí ó ni orúkọ tí ẹ fi ń ṣeré. Pàpá Ajasco ti wà nínú ìwé Ìkẹ̀bẹ̀ Super láti ọdún 1976. Peter Fátómilọ́lá ni ó kọ́kọ́ gbé e wọ̀ nínú fíìmù ọdún 1984, Abíọ́dún Ayọ̀yinká gbé e wọ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n, kò sì sí èyí tí ó ni ín nínú àwọn méjèèjì, nítorí ẹlòmíràn ni ó dá a. Ìyẹn bá òfin mu. Ṣùgbọ́n orúkọ tí ìwọ fúnra rẹ dá, tí o fi ẹnu ara rẹ sọ di olókìkí, kí ló dé tí o fi máa fọwọ́ sí i fún ẹlòmíràn nítorí owó fóònù tuntun? Ẹ mú ìwé náà lọ bá agbẹjọ́rò kí ẹ tó fọwọ́ sí i. Bí wọ́n bá ní kò sí àkókò, pé ọ̀la ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀, ẹ jẹ́ kí ọ̀la náà kọjá.